Iná airbag kọ̀, kò kú mọ́ lórí mọ́tò 2004: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àdìó_Onísùúrù kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò tí mò ń gùn ti ń dàgbà, ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é, àmọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le koko. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń yọ síni níwájú nígbà ìkọlù) tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ní àwòrán èèyàn tó jókòó tí nǹkan róbótó wà níwájú rẹ̀, á tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 6, á sì kú fúnra rẹ̀. Ní báyìí ó ti kọ̀ jálẹ̀. Bó bá ti tàn, ó tàn nìyẹn títí mo fi máa dé ibi tí mò ń lọ.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo tú ìjókòó iwájú méjèèjì kí n lè fọ kápẹ́ẹ̀tì. Mo já àwọn sókẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ wọn, mo sì so wọ́n padà, nítorí náà ibẹ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Bátìrì náà ti ń rẹ̀. Láàárọ̀, ó máa ń fà kó tó sítáàtì. Họ́ọ̀nù ń dún nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́, n kò kà á kún un.

Réwáyà kan wò ó, ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ gílóòbù iná náà kúrò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, pé kò sóhun tó máa ṣe mọ́tò. Ara mi ò gbà á. Mo ní scanner kékeré kan tí mo fi ń wo kóòdù ẹ́ńjìnì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ohun tó ṣe é, mo so ó mọ́ mọ́tò, ó ní kò sí kóòdù kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

WáyàKìíPurọ́ kọ:

Àdìó, o ṣeun tó ò gbà fún un. Scanner rẹ ò purọ́, ibi tó yẹ kó wò ni kò dé. Ọ̀pọ̀ scanner kéékèèké, kóòdù ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà P nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Airbag ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, nítòsí gíà. Kóòdù tirẹ̀, B ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wá scanner tó lè wọ inú SRS, ìyẹn ètò airbag, tó sì mọ irú mọ́tò rẹ. Má ra nǹkan kan, má tú nǹkan kan, àfi tó o bá ti ka kóòdù yẹn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí iná yẹn ń ṣe gan-an. Gbàrà tó o bá yí kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà airbag á rán iná tín-ín-rín gba inú gbogbo wáyà rẹ̀ kọjá: ti sítíárìn, ti èrò iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ti bẹ́líìtì, á sì bi àwọn sensor tó ń mọ ìkọlù, tó wà níwájú lẹ́yìn bọ́ńpà, léèrè bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Ó ń wọn bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dènà iná tó. Ti airbag kan máa ń tó ohm 2 sí 3. Bó bá fi ohm mélòó kan péré lé sí i, kọ̀ǹpútà á gbà pé wáyà ti fẹ́ já, á sì tan iná. Ìdí nìyẹn tí ìpẹtà díẹ̀ lẹ́nu sókẹ́ẹ̀tì, tí kò ní dí gílóòbù lásán lọ́wọ́ láti tàn, fi lè dá gbogbo airbag dúró.

Bí iná yẹn bá sì ti wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ mọ́tò á ti pa ètò náà, yálà apá kan rẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀. Bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, airbag lè má yọ.

Gbàgbé_Ẹ kọ:

Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ tún ti dé. Mo yọ gílóòbù tèmi, ó ti pẹ́, mo sì ń gun mọ́tò mi lọ láìsí wàhálà. Bẹ́líìtì ni mo gbójú lé. Kí wọ́n tó ṣe airbag, ṣé àwọn bàbá wa ò wakọ̀ ni?

Màmá_Sítíárìn kọ:

Wọ́n wakọ̀, ọ̀gá. Gbogbo wọn kọ́ ló délé.

Bẹ́líìtì tẹ́ ẹ gbójú lé yẹn náà, kọ̀ǹpútà airbag kan náà ló ń pàṣẹ fún un. Nínú bẹ́líìtì iwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ní airbag, ohun kékeré kan wà tó máa ń fà á le mọ́ èèyàn láyà lójijì nígbà ìkọlù. Ẹ̀tù ló ń tì í, bí ẹ̀tù ṣe ń ti airbag. Tí kọ̀ǹpútà bá ti pa ètò, bẹ́líìtì á ṣì dì yín mú, àmọ́ fífà yẹn lè má wáyé. Ohun tẹ́ ẹ yọ kúrò ju gílóòbù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, bí Àdìó ò bá ní bínú. Iná tèmi kì í tàn gbọin, ńṣe ló ń ṣẹ́jú. Iná kejì tún wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé airbag èrò iwájú ti kú. Ó máa ń tàn bí mo bá gbé báàgì mi sórí ìjókòó yẹn. Ṣé àìsàn kan náà ni?

WáyàKìíPurọ́ kọ:

Màmá, méjì ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ti báàgì lóhùn: ìyẹn ò ṣàìsàn. Nínú ìjókòó èrò iwájú, ohun tó ń wọn ìwúwo wà níbẹ̀. Báàgì ò tó àgbàlagbà, nítorí náà ó pa airbag ibẹ̀ kó má baà yọ fún ọmọdé. Bí àgbàlagbà bá jókòó dáadáa tí iná yẹn ò sì kú, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fura sí ìjókòó náà. (Ìjókòó ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn, ẹ má gbé e síwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́ láé. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, mo kàn ń wí i fún àwọn tó ń kà á ni.)

Èyí tó ń ṣẹ́jú, ní àwọn mọ́tò àtijọ́ kan, kóòdù ló ń sọ jáde. Yóò ṣẹ́jú iye kan, yóò sinmi díẹ̀, yóò ṣẹ́jú iye kejì, ẹ ó sì fi méjèèjì ṣe nọ́ńbà kan. Ní àwọn Toyota àtijọ́ kan, tí wọ́n bá so ihò 4 àti ihò 13 pọ̀ nínú sókẹ́ẹ̀tì tí scanner ń wọ̀, iná airbag á bẹ̀rẹ̀ sí ka kóòdù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí àìsàn, á máa ṣẹ́jú lọ geere láìsinmi. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ wo ìwé mọ́tò yín kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun pọ̀. Ihò kan wà níbẹ̀ tí iná bátìrì wà nínú rẹ̀ tààrà, ìyẹn 16, ẹni tó bá ṣìnà wọ ibẹ̀ á jó fíúsì, bí kò bá jó ju fíúsì lọ.

Abẹ́_Bónẹ́ẹ̀tì kọ:

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìjókòó tí Àdìó tú. Ṣé o yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí sókẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà ní jíjá? Ó lè jẹ́ rédíò lo fẹ́ gbọ́, tàbí fèrèsé lo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé airbag kan sọnù. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, bó o tiẹ̀ so ó padà dáadáa, iná ò ní kú àfi tí wọ́n bá fi scanner nu kóòdù yẹn kúrò.

Ohun kejì ni sókẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ti airbag, yẹ́lò ni, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Tó o bá wo inú abala tó lọ sọ́dọ̀ airbag, wàá rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan. Nígbà tí sókẹ́ẹ̀tì bá já, irin yẹn ló ń so wáyà méjèèjì pọ̀, kí iná tó bá fò láti ara èèyàn má baà yin airbag. Bí abala kejì bá wọlé, ahọ́n ike kan lára rẹ̀ á gbé irin náà sókè, wáyà méjèèjì á sì pínyà. Bí kò bá wá wọlé dé ìdí ńkọ́? Irin á ṣì so wọ́n pọ̀, kọ̀ǹpútà á sì ní wáyà ti pàdé ara wọn. Lójú rẹ, á dà bíi pé ó ti wọlé. Etí ni kó o fi gbọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ dún kátí. Ìkọ́ kékeré kejì tún máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìyẹn bá kọ̀ tí kò wọlé, má fi agbára tì í, sókẹ́ẹ̀tì gan-an ni kò tíì jókòó.

Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá jẹ́ yẹ́lò, pa kọ́kọ́rọ́, yọ orí nẹ́gétífù bátìrì, kó o sì dúró. Kọ̀ǹpútà airbag máa ń kó iná díẹ̀ pamọ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ bí ìkọlù bá já bátìrì lójijì. Ìwé mọ́tò kan á ní kó o dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90, òmíràn á ní ìṣẹ́jú 3, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ìwé tìẹ bá wí ni kó o ṣe. Èmi máa ń lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe kí n tó padà síbẹ̀, nítorí mi ò rí ìdí tí èèyàn fi ń kánjú lórí nǹkan tó ní ẹ̀tù nínú. Tí rédíò rẹ bá jẹ́ èyí tó máa ń béèrè kóòdù, wá kóòdù náà sílẹ̀ kó o tó yọ bátìrì.

Ọmọ_Gáréèjì kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé èèyàn ò lè fi mítà wọn airbag fúnra rẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ ohm 2 ló yẹ kó ní, kí n kàn fi mítà kan ẹnu méjèèjì kí n mọ̀ bóyá ó ti kú.

WáyàKìíPurọ́ kọ:

RÁRÁ. Gbé mítà yẹn sílẹ̀, àbúrò.

Mítà ní bátìrì nínú. Láti wọn ohm, ó ní láti ti iná díẹ̀ gba inú ohun tó ń wọ̀n. Ohun tó wà nínú airbag náà sì ń dúró de iná díẹ̀ ni. Bó bá yìn, láàárín nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti kún tán. Kó o tó ṣẹ́jú, ojú rẹ ti wà nínú rẹ̀. Wáyà tó o bá ti yọ kúrò lára airbag àti lára kọ̀ǹpútà ní orí méjèèjì, ìyẹn lo lè fi mítà wọ̀n. Airbag fúnra rẹ̀, àti bẹ́líìtì tó ní ẹ̀tù, mítà ò gbọ́dọ̀ kan wọ́n.

Àdìó_Onísùúrù kọ:

Mo ti rí ẹni tó ní scanner tó wọ inú SRS. Kóòdù méjì ló gbé wá. Ọ̀kan jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá, ó ní iná bátìrì ti lọ sílẹ̀ jù nígbà kan. Èkejì wà lọ́wọ́lọ́wọ́: airbag dírẹ́bà, ìdènà ti ga jù. Nípa ìjókòó, kò sí ohun kankan! A nu méjèèjì kúrò. Ti bátìrì ò padà wá. Ti dírẹ́bà dákẹ́ títí mo fi yí sítíárìn láti jáde níbi tí mo páàkì sí, iná sì tún tàn.

Ṣé airbag sítíárìn ni kí n lọ máa wá báyìí?

Abẹ́_Bónẹ́ẹ̀tì kọ:

Má wá airbag kankan. O ti dá ara rẹ lóhùn: o yí sítíárìn, iná tàn. Kí o sì padà lọ ka ohun tó o kọ́kọ́ kọ nípa họ́ọ̀nù.

Lẹ́yìn sítíárìn, ike róbótó pẹlẹbẹ kan wà tí à ń pè ní clockspring. Àwọn mìíràn ń pè é ní spiral cable. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a bíi téèpù tẹ́lọ̀. Bó o bá yí sítíárìn sápá kan, á ká pọ̀ sí i. Bó o bá yí i padà, á tú. Òun ló ń jẹ́ kí iná dé orí sítíárìn láìjẹ́ pé wáyà lọ́. Airbag gba ibẹ̀, họ́ọ̀nù gba ibẹ̀, bọ́tìnnì rédíò tó wà lórí sítíárìn náà gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún tó ti ń ká tó sì ń tú, ó máa ń sán. Bí họ́ọ̀nù tàbí bọ́tìnnì bá ń ṣe ségesège, tí kóòdù sì ní airbag dírẹ́bà, clockspring ni kó o kọ́kọ́ bi léèrè.

Síbẹ̀, kó o tó rà á, sókẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kan wà lábẹ́ sítíárìn, níbi orúnkún rẹ, tó so clockspring mọ́ wáyà mọ́tò. Yọ bátìrì, dúró, tú u, wo ojú pín-ìn rẹ̀, fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná sí i, jẹ́ kó gbẹ, kó o so ó padà títí á fi dún. Nígbà míràn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí.

Bí kò bá parí síbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní scanner bóyá ó lè fi iye ohm hàn bó ṣe ń lọ. Kí ẹnì kan máa wo ojú rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ láti òpin kan dé òpin kejì. Bí nọ́ńbà náà bá fò sókè ní ibì kan pàtó tó sì tún já wálẹ̀, ibi tó sán nìyẹn.

Gbàgbé_Ẹ kọ:

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹnì kan tí mo mọ̀ so resistor kékeré bíńtín, ohun tó ń dènà iná, sẹ́nu sókẹ́ẹ̀tì yẹn, iná kú lójú ẹsẹ̀.

Màmá_Sítíárìn kọ:

Iná á kú, kọ̀ǹpútà ti gbà pé airbag wà níbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ìkọlù bá dé, resistor ni yóò yìn.

WáyàKìíPurọ́ kọ:

Màmá ti parí ẹ̀. Àmọ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má baà gbọ́ ọ lódì, resistor ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò: ó ń sọ ibi tí àìsàn wà. Wọ́n á yọ bátìrì, wọ́n á dúró, wọ́n á yọ airbag, wọ́n á sì fi resistor ohm 2 àti díẹ̀ dípò rẹ̀ lókè clockspring. Wọ́n á so bátìrì padà, wọ́n á nu kóòdù, wọ́n á yí sítíárìn. Tí kóòdù ò bá padà, airbag ló ń ṣàìsàn. Tó bá padà, wọ́n á tún yọ bátìrì, wọ́n á gbé resistor kan náà sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ clockspring, kí wọ́n tún wò ó. Tí kóòdù bá dákẹ́ níbẹ̀, clockspring ni. Tó bá ṣì ń pariwo, wáyà ìsàlẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá tán, resistor á padà sínú àpótí irinṣẹ́. Kì í sùn nínú mọ́tò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gé wáyà yẹ́lò kó fi téèpù dì í. Mo ti sọ fún yín pé ohm mélòó kan ló ń tan iná yẹn. Ibi tí wọ́n bá lọ́ pọ̀ lónìí á pẹtà lọ́la.

Àdìó_Onísùúrù kọ:

Clockspring ni o. Mo fọ sókẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. A wá wo iye ohm: bí sítíárìn bá dúró gbọọrọ, nọ́ńbà wà ní bó ṣe yẹ, tí mo bá yí i díẹ̀ sí òsì, ó fò lọ sókè pátápátá. Mo ra tuntun, èmi àti mẹkáníìkì kan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí la jọ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ bó ṣe lọ, torí mo wá a títí kí n tó rí i kà ní èdè wa.

Ó kọ́kọ́ ní kí táyà iwájú dúró gbọọrọ, kí sítíárìn náà sì gún. A pa kọ́kọ́rọ́, a yọ bátìrì, a dúró. Bóòtì méjì ló di airbag mú láti ẹ̀yìn sítíárìn, ojú wọn rí bí ìràwọ̀, sípánà lásán ò wọ̀ wọ́n. Nígbà tí airbag jáde, ó tú sókẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e lọ pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó kọ síta kúrò ní àyà rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ lọ́tọ̀ kí ojú rẹ̀ wo òkè. Ó ní tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ṣèèṣì yìn, á fò bí ọta.

Ó fi kíkùn sàmì sára ọ̀pá àti sítíárìn kí wọ́n lè padà sójú kan náà. Lẹ́yìn náà ó tú nọ́ọ̀tì àárín, àmọ́ kò yọ ọ́ tán. Ó jẹ́ kó ṣì wà lẹ́nu ọ̀pá, ó wá ń mi sítíárìn títí ó fi jábọ́ kúrò nídìí rẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì yẹn ò bá sí níbẹ̀, ojú ẹni tó ń fà á ni sítíárìn ì bá lù.

Clockspring tuntun wá pẹ̀lú pín-ìn ike tó tì í pa sáàárín. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má yọ ọ́ láti fi ṣeré. Ó to ó sáyè, ó so ó, lẹ́yìn náà ló tó yọ pín-ìn. Mo fọ́ ti àtijọ́ wò. Wáyà pẹlẹbẹ yẹn ti ṣẹ́ níbi tó ti yí padà, ike ara rẹ̀ ṣì odindi, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ ti pín sí méjì, orí méjèèjì kàn ń fara kanra ni.

A so gbogbo rẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó jókòó nínú mọ́tò nígbà tí a so bátìrì. Iná ṣì tàn! Àyà mi já. Ó ní kí n fara balẹ̀, ó nu kóòdù, a pa kọ́kọ́rọ́, a tún yí i. Ó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 6, ó kú. Họ́ọ̀nù náà ti ń pariwo bó ṣe yẹ.

Abẹ́_Bónẹ́ẹ̀tì kọ:

Ó kú iṣẹ́ o, mẹkáníìkì yẹn mọṣẹ́. Ẹni tí pín-ìn tirẹ̀ bá ti jábọ́, kó rọra yí clockspring sápá kan títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀, láìfi agbára tì í, kó sì dá a padà sí ìdajì gbogbo yíyí rẹ̀, níbi tí àmì méjèèjì bá ti kojú ara wọn. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó máa ń tó yíyí méjì àti ààbọ̀. Tí wọ́n bá tò ó láìsí láàárín, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yí sítíárìn dé òpin ló máa já. Àwọn tó ń tú ọ̀pá sítíárìn nísàlẹ̀ láti pààrọ̀ nǹkan mìíràn, ẹ so sítíárìn mọ́lẹ̀ o. Bó bá yí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ti já, clockspring ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ní àwọn mọ́tò kan, sensor tó ń mọ ibi tí sítíárìn kọjú sí wà lára clockspring náà. Tí iná ABS (ti bíréèkì) tàbí ti ìyọ̀ bá tàn lẹ́yìn pípààrọ̀, ẹ fi scanner tún un tò.

Ọmọ_Gáréèjì kọ:

Ṣé èèyàn lè yọ clockspring tàbí airbag lára mọ́tò tí wọ́n ti kó dà sílẹ̀ láti fi tún tiẹ̀ ṣe?

Abẹ́_Bónẹ́ẹ̀tì kọ:

Clockspring, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ lè má yàtọ̀ sí ti èyí tó já. Airbag, èmi ò ní ṣe é. O ò mọ̀ bóyá omi ti kún mọ́tò yẹn rí, nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti mọ́tò rẹ mu rẹ́gí, àwọn mọ́tò àtijọ́ mìíràn sì ní ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn tó sọ ọdún tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ airbag. Mọ́tò tí airbag rẹ̀ bá ti yọ rí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà ti kọ ìkọlù sínú, ó ti tì pa; scanner lásán ò ní nu ìyẹn.

Màmá_Sítíárìn kọ:

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ máa sá fún iná tí kò kú, àmọ́ ẹ sá fún iná tí kò tàn rárá jù ú lọ. Àwọn kan tún gbọ́n ju yíyọ gílóòbù lọ, wọ́n á so wáyà iná airbag mọ́ ti ọ́ìlì, kí méjèèjì máa tàn pọ̀ kí wọ́n sì máa kú pọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sítáàtì. Iná ọ́ìlì ò ní kú títí ẹ́ńjìnì á fi ṣiṣẹ́. Iná airbag gbọ́dọ̀ dá kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá ń dúró de iná ọ́ìlì, wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Ọmọ_Gáréèjì kọ:

Bí iná bá ti kú bó ṣe yẹ, airbag dára nìyẹn, àbí?

WáyàKìíPurọ́ kọ:

Wáyà dára. Ohun tó wà nínú airbag, iná ò lè rí i.

Gbogbo yín ti gbọ́ nípa Takata, ilé iṣẹ́ Japan tó máa ń ṣe airbag nígbà kan rí fún Honda, Toyota, BMW, Ford, Nissan àti àwọn mìíràn. Ammonium nitrate, kẹ́míkà kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀tù, ni wọ́n fi ń ti airbag, ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bó bá yìn, agbára rẹ̀ á pọ̀ jù, agolo irin tó gbé e á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì fò lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀mí ti bá a lọ. Wọ́n pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù mọ́tò padà káàkiri ayé, ilé iṣẹ́ náà sì wọko gbèsè ní 2017. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò yẹn ni wọ́n ṣe láàárín 2002 sí 2015. Iná airbag wọn ń kú dáadáa, torí ohm wọn pé.

Àdìó, mọ́tò 2004 ni tìẹ. Wo nọ́ńbà VIN rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà ní igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níhà dírẹ́bà lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, tàbí lára férémù ilẹ̀kùn. Tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà, níbi tí wọ́n ti ń wo àwọn mọ́tò tí wọ́n pè padà.

Àdìó_Onísùúrù kọ:

Mo ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ti dírẹ́bà ò sí níbẹ̀, ti èrò iwájú wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e wá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọn ò ní gba owó. Mo ti bá wọn dá ọjọ́.

Màmá_Sítíárìn kọ:

Títí ọjọ́ náà á fi pé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú níhà yẹn o.

Àdìó_Onísùúrù kọ:

Ìyàwó mi ti bọ́ sẹ́yìn látàná. Ó ní kí n máa wà á lọ, òun ti di ọ̀gá, èmi ni dírẹ́bà òun.